Èékánná Tí Ṣẹ̀fíátù Kì í Kùn

Ní gbogbo àdúgbò Kabala Doki, kò sí ìyàwó tuntun tó gbọ́dọ̀ wọ ilé ọkọ kí Ṣẹ̀fíátù má kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ Ìlọrin ni. Ọkọ ló gbé e wá sí Kaduna nígbà tí òyìnbó ṣì ń pàṣẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n làálì ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Àwọn Háúsá kúkú ní làálì tiwọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lé. Síbẹ̀ àwọn náà a máa ránṣẹ́ pè é, nítorí pé igi ìgbálẹ̀ tó gbẹ́ ṣóńṣó ló fi ń ṣiṣẹ́, ìlà tó bá sì fà sẹ́yìn ọwọ́ kì í wọ́. Bí ìyàwó bá ń sunkún bó ti ń kùn ún lọ́wọ́, á ní, “Gbé ẹkún yẹn mì jàre, ò ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ọjọ́ tó o bá mọ ìyá ọkọ rẹ tán ni kó o sunkún.”

Ara rẹ̀ gan-an ló fi ń polówó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti gbogbo èékánná rẹ̀ pupa tó fi fẹ́ẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Tìróò kì í wọ́n lójú rẹ̀, gbàǹja kì í sì í kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín, ètè, ahọ́n, eyín, pupa ni gbogbo wọn. Ó ní obìnrin tó ń ta ẹwà kò gbọdọ̀ jáde bí adìẹ tí òjò pa.

Ohun kan ṣoṣo tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ni nǹkan oṣù rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, á dé, á ṣe tirẹ̀, á lọ. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, ó ti di àlejò tó gbé ẹní dání: bó bá dé, kì í fẹ́ lọ mọ́, bó bá sì lọ, kì í pẹ́ tí á fi padà wá mú ohun tó gbàgbé. Bútà àlùwàlá Ṣẹ̀fíátù gbẹ títí aláǹtakùn fi ń wo inú rẹ̀ bí ilé tó wà fún ìyálò. Àwọn obìnrin agboolé tí wọn kò rí i lórí ẹní ìkírun mọ́ ń bi í bóyá ó ti di onígbàgbọ́ ni. Á ní bẹ́ẹ̀ ni, pé kí wọ́n wá bá òun jẹun Kérésì.

Jàmàlúdéènì ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kakuri, ó sì máa ń kó àjákù aṣọ bọ̀ wálé nínú àpò. Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń béèrè fún un lemọ́lemọ́, ó rò pé tìmùtìmù ló ń rán pamọ́ de ìgbéyàwó ọmọ wọn. Ó tilẹ̀ ti fi yangàn níbi iṣẹ́ pé ìyàwó òun mọ nǹkan í ṣe. Ọkùnrin kì í mọ ohun tó ń lọ nínú ilé ara rẹ̀, àfi bí oúnjẹ bá pẹ́.

Ṣẹ̀fíátù kò ka ọ̀rọ̀ náà sí àìsàn. Ìyá rẹ̀ àgbà ti sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún un, pé, “Ìdílé ẹlẹ́jẹ̀ ni wá.” Bí ẹni tó ń sọ pé ìdílé ọlọ́lá ni àwọn ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí Alimat, àbíkẹ́yìn rẹ̀ àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, bàlágà, tí tirẹ̀ náà sì ń ya bí omi, ohun tí ìyá sọ fún un náà nìyẹn. Alimat gbà á bí ogún.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, wọ́n ti dá ìgbéyàwó Alimat sí ẹ̀yìn ìtúnu àwẹ̀. Gbogbo ohun tí Ṣẹ̀fíátù ń fẹ́ láyé kò sì ju ọ̀kan lọ: kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé làálì fún ọmọ rẹ̀. Ó ti lé e fún ọmọ ọlọ́mọ títí kò lóǹkà. Ó ti ń ro àrà tó máa fà sí ọwọ́ Alimat láti ìgbà tí ọwọ́ náà kò tíì lè di ṣíbí mú. Bí ẹlòmíràn bá máa bá a lé e, ó sàn kí wọ́n fẹ́ ọmọ náà ní ọwọ́ òfìfo.

Àfi bí ọwọ́ tirẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò Ungwan Dosa, lẹ́yìn ọwọ́ ọmọ oníṣòwò kan. Ìlà tó yẹ kó lọ tààrà rin bí ẹni tó mu ọtí bùrùkùtù. Ìyá ìyàwó tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó ní, “Ìyá Alimat, èyí ńkọ́?” Ṣẹ̀fíátù kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Àrà tuntun ni.” Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n bó ti ń darí bọ̀ nílé, òòyì kọ́ ọ, ó fara ti ògiri ẹlòmíràn, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹni tí ajá lé. Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù. Ìlà tó wọ́ yẹn ni.

Ìdí nìyí tó fi lọ sí ọsibítù. Ẹ wá wo bó ṣe lọ. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ìsọmọlórúkọ, ó lé làálì tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ó fa tìróò tó ń ta á lójú, ó ju gbàǹja ńlá sẹ́nu. Alimat bi í pé ṣé òde ló ń lọ ni. Ó ní, “Ṣé kí n lọ jókòó síwájú dókítà bí ẹni tí àìsàn ń ṣe?”

Dókítà náà ń jẹ́ Japhet, ọ̀dọ́mọkùnrin láti gúúsù Sáríà, ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa. Ohun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ gan-an nìyẹn. Ká ní ó jẹ́ aláìníwà ni, tó kígbe mọ́ ọn pé, “Kí ló ń ṣe ọ́?”, bóyá Ṣẹ̀fíátù ì bá fi ìbínú sọ fún un. Ṣùgbọ́n ó dìde díẹ̀ lórí àga fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lédè Háúsá bí ọmọ tó ń kí ìyá rẹ̀, ó bi í bó ṣe jí, bóyá ó rẹ̀ ẹ́, àti bí ara ṣe rí.

“Sannu, Mama. Ina kwana?”

“Lafiya lau.”

“Ina gajiya?”

“Ba gajiya.”

“Ya jiki?”

“Da sauƙi.”

Ẹni tó bá ti gbé ní Kaduna mọ̀ pé bí wọ́n bá bi èèyàn bí ara ṣe rí, ìdáhùn kan ló wà, òun náà ni “da sauƙi”, pé ara ti ń fúyẹ́. Ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí sàréè pàápàá, bó bá ṣe pé ó lè fọhùn, ohun tó máa sọ nìyẹn. Japhet rọra bi í nípa nǹkan oṣù, ó ń wo tábìlì bó ti ń bi í. Ọmọ tí kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ! Ṣẹ̀fíátù náà wo tábìlì, ó ní, “Alhamdulillahi.” Ó gbà pé ìdáhùn tó péye ni òun fún un.

Dókítà kò kúkú fi mọ sí ẹnu. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ó pupa. Ó wo èékánná: ó pupa. Ó ní kó yọ ahọ́n: ahọ́n pupa bí ìgbà tí wọ́n rẹ ẹ́ sínú epo. Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, tìróò sì ti ta ojú náà títí ó fi pọ́n. Gbogbo ibi tí àwọn oníṣègùn máa ń wò láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára èèyàn, Ṣẹ̀fíátù ti kùn ún pátápátá láti ilé. Kí ó má baà dà bí ẹni tó wá fi àkókò ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó sì gbé oògùn ikọ́ bọ̀ wálé. Ó mu ún tán, nítorí pé kì í fi nǹkan ṣòfò.

Àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò jẹ́ kí Ṣẹ̀fíátù gbà á. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti ń jẹun bí olè, ó ń kánjú gbé e mì kí àwọn ọmọ kéékèèké tó ń dán àwẹ̀ wò má baà rí i. Àwẹ̀ tó ti jẹ sílẹ̀ láti èṣí ti pọ̀ tó fi jẹ́ pé bó bá máa san án padà, àfi kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí kan kún ẹ̀mí rẹ̀. Bó bá gun òkè kékeré tó wà lójú ọ̀nà ọjà, á jókòó sinmi. Ó wá ń jẹ yìnyín ní ọ̀sán, á ní ó kàn ń wu òun ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó ti odó, ó ń gún ewé làálì tí wọ́n máa lò fún Alimat. Ó dìde láti lọ bu omi. Ilẹ̀ ló fi ara lé, làálì inú odó sì dà lé e lórí. Àwọn aládùúgbò tó sáré wá rí pupa lára ìró rẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ rọra, làálì ló dà sí i lára.” Alimat nìkan ló kúnlẹ̀ tó fi ọwọ́ kan ìró náà tó sì mọ ohun tó jẹ́. Ó kígbe pe bàbá rẹ̀, wọ́n sì fi takisí gbé e lọ.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n lọ́jọ́ náà, Ẹ̀bùn ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin tó sanra, tí kì í rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Kò bi Ṣẹ̀fíátù bí ara ṣe rí rárá. Ó ní kó yọ gbàǹja lẹ́nu, kó fi omi ṣan ẹnu dáadáa. Ó fi òwú tútù nu tìróò kúrò. Ó wá fa ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá síwájú, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ funfun bí òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá, ta ló kùn yín báyìí?”

“Èmi ni.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n kùn. Díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ kùn ún wọ sàréè.”

Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kò jọ ìkíni. “Ìgbà wo lẹ gbẹ̀yìn wọ aṣọ funfun?” Ṣẹ̀fíátù ronú, kò rántí. “Ẹ̀jẹ̀ tó dì máa ń jáde? Ó tó awẹ́ obì?” “Awẹ́ kẹ̀? Odindi obì ni.” “Bí ẹ bá jókòó síbi iṣẹ́ ńkọ́?” “Kí n tó lé ọwọ́ kan tán, mo ti gbọ́dọ̀ dìde lọ pààrọ̀.” “Kí lẹ wá rò pé ó ń ṣe yín?”

“Kò sí nǹkan kan. Ìdílé ẹlẹ́jẹ̀ ni wá.”

Ẹ̀bùn bi í pé, “Kí ló pa ìyá yín àgbà?”

“Àárẹ̀ ni. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ̀ ẹ́, títí ó fi sùn.”

“Ìyá tó bí yín ńkọ́?”

Ṣẹ̀fíátù yí ojú sí Alimat tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí bí ọmọ náà ṣe fara ti ògiri bí àgbàlagbà. Ìbànújẹ́ ńlá dé bá a, irú èyí tí kò bá a nígbà tó ṣubú ti odó. Ó ní, “Àárẹ̀ náà ni.”

Nígbà tí Japhet dé, ọwọ́ pupa náà ló kọ́kọ́ mọ̀. “Kai, Mama! Ṣebí ẹ ní da sauƙi?”

Ṣẹ̀fíátù, tí Háúsá rẹ̀ kò kọjá ti ìkíni àti ti iṣẹ́, ní kí Ẹ̀bùn bá òun túmọ̀ rẹ̀ fún un pé, “Wọ́n kí mi, mo sì dá wọn lóhùn bí ọmọlúàbí. Ẹ̀bi ìyá tó tọ́ wọn ni.” Dókítà fi ọwọ́ bojú, ó rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í díẹ̀. Wọ́n gún un ní àtàǹpàkò. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó jáde dà bí sóbò tí wọ́n bu omi lù. Wọ́n fi wé àwọn àwọ̀ pupa tó wà lára ìwé pélébé kan, ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti kéré jù, ló bọ́ sí.

Japhet wá ṣàlàyé fún un, Ẹ̀bùn sì ń túmọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Èéfín ni, àwọn sì gbọ́dọ̀ wá iná. Ó lè jẹ́ kókó tó hù nínú ilé ọmọ. Ó lè jẹ́ pé omi ara tó ń pàṣẹ fún ilé ọmọ ti ń ṣìṣe, bó ti máa ń rí bí obìnrin bá ń súnmọ́ àtidáwọ́ nǹkan oṣù dúró. Ó lè jẹ́ ohun burúkú tó fara pamọ́, ìyẹn ni àwọn ṣe máa ha inú ilé ọmọ díẹ̀, kí wọ́n fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kó tó di pé wọ́n dí ibi tí ìkòkò ti ń jò, wọ́n gbọ́dọ̀ bu omi díẹ̀ sí i kó má baà sán. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n nílò.

“Ẹ gba tèmi!” ni Jàmàlúdéènì ké. “Ẹ gba gbogbo rẹ̀! Ṣé torí ẹ̀jẹ̀ ni obìnrin máa fi kú lójú mi?” Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ó ká apá aṣọ sókè, ó sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bí òun ṣe ń gbé ìdì òwú ní Kakuri. Ó wá rí abẹ́rẹ́. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ gbà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti gbà á, nítorí pé ó ti ṣubú kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Títí di òní, ó ní ilẹ̀ ọsibítù ló ń yọ̀.

Alimat náà na apá. Ẹ̀bùn fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀, ó tún fi aṣọ bò ó lápá padà. “Ìwọ? Ìwọ náà ń wá ẹni tó máa fún ọ.” Oògùn irin ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ní kó máa bọ̀ wá kí àwọn wá ìdí tirẹ̀ náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Jàmàlúdéènì láti Kakuri ló wá fi ẹ̀jẹ̀ ìyókù kún un, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀rẹ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ tó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Kókó ni. Ó tó máńgòrò. Èyí tí wọ́n ha yẹ̀ wò kò ní ohun burúkú nínú. Japhet sọ ohun tó kù láti ṣe: Ṣẹ̀fíátù lè máa lo oògùn irin, kó máa ní sùúrù títí nǹkan oṣù yóò fi dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ sì lè tún ya bí ti tẹ́lẹ̀; tàbí kí wọ́n yọ ilé ọmọ náà kúrò, kí ẹ̀jẹ̀ tán.

Ariwo sọ. Àwọn obìnrin agboolé ní obìnrin tí kò ní ilé ọmọ, igbá òfìfo ni. Àna ń kùn pé ìgbéyàwó ti sún di ẹ̀yìn Iléyá. Jàmàlúdéènì jókòó sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní, “Wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ. Kí ló máa kù?”

“Èmi ni mo máa kù, Bàbá Alimat,” ni Ṣẹ̀fíátù wí. “Ilé ọmọ ti bí ọmọ mẹ́rin fún yín. Àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ díẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn tì, ìjọba ń sìn wọ́n dé ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí tèmi náà fẹ̀yìn tì.” Kò lè sọ èyí tó kù fún un láìsunkún, ó sì sunkún sọ ọ́: pé òun fẹ́ lé làálì fún ọmọ òun, òun kò fẹ́ kí ọmọ òun wọ ilé ọkọ pẹ̀lú ìlà tó wọ́. Jàmàlúdéènì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lórí aṣọ ìbora. Ó ní ó dáa.

Ní àárọ̀ iṣẹ́ abẹ, wàhálà mìíràn dé. Ẹni tó ń fún èèyàn ní oògùn oorun ní òun gbọ́dọ̀ máa wo àwọ̀ èékánná, kí òun lè mọ̀ bí aláìsàn bá ń mí dáadáa. Èékánná wo? Wọ́n fi ọṣẹ, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́. Làálì Ṣẹ̀fíátù kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn bá mú abẹ fẹ́lẹ́, ó jókòó ti èékánná ọmọ ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì, ó ń ha á fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ títí ibẹ̀ fi mọ́. Ṣẹ̀fíátù ní, “O ba iṣẹ́ mi jẹ́.” Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn kó tó sùn nìyẹn.

Iléyá kọjá. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ìyẹ̀wù Ṣẹ̀fíátù, àwọn obìnrin kún ibẹ̀ bámú, wọ́n ń wò bóyá igbá òfìfo yóò lè jókòó pẹ́. Ó jókòó pẹ́. Ó rọ igi ìgbálẹ̀ bọ làálì, ó fà á láti ọrùn ọwọ́ Alimat dé ìdí ìka, ìlà náà lọ tààrà, kò dìde lẹ́ẹ̀kan láti lọ pààrọ̀ nǹkan kan. Ó fà á, ó yí i, ó tún un fà. Ayọ̀ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń bú gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ iná àtùpà. Nígbà tó kun èékánná, ó fi ti ọmọ ìka òsì tó kéré jù sílẹ̀.

“Ìyá, ẹ gbàgbé ọ̀kan,” ni Alimat wí.

“Mi ò gbàgbé.”

“Kí lèyí?” ni obìnrin kan láti Ungwan Dosa bèèrè.

“Àrà tuntun ni.”

Kí ọdún tó yípo, àwọn ọmọge Ungwan Dosa ti ń fi èékánná kan sílẹ̀ bí oge, àwọn tó ń lé làálì fún wọn sì ń búra pé láti Ìlọrin ni àṣà náà ti wá. Ṣẹ̀fíátù kò bá wọn jiyàn. Ìyàwó yòówù tó bá jókòó síwájú rẹ̀ láti ìgbà náà, kó tó bu làálì, á kọ́kọ́ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀, á ní, “Ìgbà wo lo gbẹ̀yìn wọ aṣọ funfun?” Àwọn kan rò pé àdúrà ni.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ti Alimat yẹn, kó tó jẹ́ kí wọ́n di ewé mọ́ ọwọ́ náà, ó mú ọmọ ìka ọmọ rẹ̀, ó tẹ èékánná mímọ́ náà títí ó fi funfun, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dúró. Pupa padà sábẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kún. Alimat náà na ọwọ́ tó kù, ó mú èékánná tí Ẹ̀bùn ha lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, èyí tí ìyá kò kùn mọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Tiẹ̀ náà padà, kíá.

“Ìdílé ẹlẹ́jẹ̀ ni wá,” ni Ṣẹ̀fíátù wí. Láti ìgbà ìyá rẹ̀ àgbà tí wọ́n ti ń sọ ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ òótọ́ nìyẹn. Ó nu imú, ó ní kí Alimat gbé ọwọ́ kejì wá.